Táyà wo ni kí n rà fún eré drag: Mickey Thompson, Hoosier, Nitto, àbí M&H?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dallas ni mo ń gbé. Mustang GT ọdún 2013 ni mo ní, manual ni, mi ò sì tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ti gbé e lọ sí Texas Motorplex ní Ennis, pápá eré drag tí ọkọ̀ méjì ti ń díje lórí ọ̀nà tààrà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí iná bá ti tàn báyìí, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, táyà ẹ̀yìn á kàn máa yí lójú kan, èéfín á bo ibẹ̀, ẹni tí a jọ dúró á ti lọ. Ìṣẹ́jú àáyá tí mo fi gba ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́: 2.28, 2.31, 2.25. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mickey Thompson ni kí n rà. Èkejì ní Hoosier nìkan ló mọ táyà ṣe. Ẹ̀kẹta ní kí n ra Nitto kí owó mi má baà tètè run. Èwo ni kí n mú? Owó táyà méjì péré ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè rà á ní ìràkurà.

* * *

Àbúrò, kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Táyà tó bá ọkọ̀ tiwọn mu ni kálukú wọn ń júwe fún ẹ. Kí n tó dárúkọ kankan, dá mi lóhùn: ṣé orí táyà yẹn náà lo máa wà lọ wà bọ̀, àbí inú búùtù lo máa kó o sí, kí o pààrọ̀ rẹ̀ ní pápá? Ríìmù mélòó ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀? Psi mélòó, ìyẹn ìwọ̀n atẹ́gùn inú táyà, lo fi sá àwọn eré mẹ́ta yẹn?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé 2.28 kì í ṣe ẹjọ́ táyà nìkan. Agbára ẹṣin 420 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, táyà 235/50R18 tó bá a wá kò sì lè gbà á mọ́ra, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà ní, mo sì ti fi táyà tó bá a wá ṣe 2.08. Psi 28 ni mo fi sí i, mo sì jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gòkè díẹ̀díẹ̀, mi ò já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ra táyà tuntun lónìí láìtíì kọ́ ìyẹn, wàá kàn fi owó ra èéfín mìíràn ni.

Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè bá wa lọ: ìdámẹ́rin máìlì tí à ń sá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,320, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni à ń kọ́kọ́ wò lórí ìwé àkókò. Ibẹ̀ ni táyà ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tí o bá jèrè níbẹ̀ kì í sì í dúró síbẹ̀. Gé ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò níbẹ̀, ó sábà máa ń di ìdámẹ́wàá kan àbọ̀ sí méjì kó o tó dé òpin.

* * *

Ó ti dáhùn. Orí táyà náà ló máa wà lọ sí Ennis tí á sì fi wà padà. Ríìmù 18 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Psi 35 ló fi sáré, bí ẹni ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ ò rí i?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìjà tó wà nílẹ̀ gan-an. Ìjà orúkọ kò tó ìjà àárín radial àti bias-ply. Nínú bias-ply, àwọn okùn inú táyà gba ara wọn kọjá ní ìdàbùú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ta, ẹ̀gbẹ́ táyà á wún jọ bí aṣọ tí a kò lọ̀, á gba agbára yẹn sára, á sì tú u sílẹ̀ fún ilẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nínú radial, okùn lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, bẹ́líìtì sì wà lábẹ́ ojú táyà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le díẹ̀, kì í fẹ̀ bí ó bá ń sáré, ó sì ń yí gbirigbiri láìfa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi máa ń ní eré jù ní òpin pápá bí ó bá jẹ́ radial ló wọ̀.

Ìyàtọ̀ tó ń dun awakọ̀ jù ni pé bias-ply lè yọ̀ díẹ̀ kó tún padà mú ilẹ̀, ìwọ náà á kàn tẹ̀ síwájú. Radial kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá mú, ó mú pátápátá. Bó bá jábọ̀, ó jábọ̀ náà nìyẹn, àfi kí o gbé ẹsẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn àgbà eré yìí ṣe ń sọ pé manual fẹ́ bias-ply, ọ̀tọ̀mátíìkì fẹ́ radial. Wọn kò parọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tí a já sílẹ̀ lójijì dà bí òòlù, radial kì í sì í bá ọ gba díẹ̀ nínú ìyà náà. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi sá eré, mo wọ drag radial sí i, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí tó 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, mo já kílọ́ọ̀ṣì. Táyà mú ilẹ̀ gírígírí. Axle ẹ̀yìn ló kán. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi gbé e délé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀bi mi ni, mi ò dá táyà lẹ́bi, mi ò sì dá ọkọ̀ lẹ́bi.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé kí àbúrò wa yìí ra bias-ply. Ojú títì ló máa gbà lọ, táyà iwájú rẹ̀ sì jẹ́ radial. Àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn ń kìlọ̀ pé ká má fi radial síwájú ká fi bias-ply sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí eré bá ti ń pọ̀. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpin pápá. Ìdí ọkọ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ yí ìtọ́kọ̀. N kì í ṣe ẹlẹ́rù, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo pe orúkọ ìyá mi. Radial ni kó rà. Kó wá kọ́ bí a ṣe ń gbé kílọ́ọ̀ṣì.

* * *

Ó yá, orúkọ.

Mickey Thompson. Táyà méjì ni wàá máa gbọ́: ET Street S/S àti ET Street R. S/S ní ìlà lójú jù, ó dàbí táyà títì díẹ̀, òun ni a ṣe fún ẹni tó ń wà lọ wà bọ̀. ET Street R fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ slick, ìyẹn táyà eré tí kò ní ìlà lójú rárá; ìlà ojú rẹ̀ kò ju èyí tí òfin títì fẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ o, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú: lẹ́tà R inú orúkọ yẹn kò túmọ̀ sí radial. A ń ṣe ET Street R ní radial, a sì ń ṣe é ní bias-ply. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni kí o kà. 275/60R15, radial nìyẹn. 28x11.50-15, bias-ply nìyẹn. Mo mọ ẹni tó ra èkejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti fi wọ ríìmù kó tó mọ̀. Ta ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?

Hoosier. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ó sì lẹ̀. Lórí pápá tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù pa dáadáa, mi ò tíì wọ drag radial tó dùn ún fi ta kúrò nílẹ̀ bí èyí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi wà láti Dallas dé Ennis lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú búùtù ni tèmi ń gùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé tirẹ̀ lọ sí pápá, abájọ tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Nitto. Ẹ má gbé NT555R II àti NT05R pọ̀, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. NT555R II máa ń pẹ́ díẹ̀ lórí títì, ó sì fara da ojoojúmọ́. NT05R lẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń tètè jẹ. Ẹni tó ní kí o ra Nitto nítorí pé ó ń pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àkọ́kọ́ ló ń sọ.

M&H. Wọn kì í pariwo rẹ̀ tó, ó sì dùn mí. Marvin Rifchin àti bàbá rẹ̀ Harry ni lẹ́tà méjèèjì yẹn. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe táyà tó jẹ́ ti eré drag nìkan, láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń lẹ rọ́bà tuntun mọ́ ojú táyà àlòkù. Racemaster ni orúkọ táyà wọn. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo ríìmù 15 ló máa gbádùn rẹ̀ jù.

BFGoodrich ńkọ́? Òun ló la ọ̀nà fún drag radial tó bófin títì mu ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ó yẹ ká bọlá fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e ti bá a, wọ́n sì ti yà á sílẹ̀.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé pé gbogbo èyí jẹ́ asán, pé iléeṣẹ́ ńlá kan náà ló ni gbogbo wọn báyìí, orúkọ lásán ni à ń rà.

Rárá o. Òótọ́ ni pé Cooper ra Mickey Thompson ní 2003, Goodyear sì ra Cooper ní 2021. Òótọ́ ni pé Continental ti ilẹ̀ Jámánì ra Hoosier ní 2016. Nitto náà, abẹ́ Toyo ti ilẹ̀ Japan ló wà. Ṣùgbọ́n àpò kan náà kì í sọ rọ́bà di ọ̀kan náà. Indiana ni wọ́n ti ń ṣe Hoosier títí dòní. Goodyear ń ṣe slick tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun náà ni Top Fuel, àwọn ọkọ̀ drag tó yára jù, ń wọ̀ nínú ìdíje NHRA, ẹgbẹ́ eré drag ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ kí Mickey Thompson máa ṣe tirẹ̀. Wọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, lórí ọkọ̀ kan náà, kí o wo ìwé àkókò rẹ.

Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe táyà yẹn náà kì í ṣe ẹni àfẹnusọ. Ní 1960, Mickey Thompson wa ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin kọjá 400 máìlì ní wákàtí kan ní pápá iyọ̀ Bonneville, ní Utah. Ní 1963 ló dá iléeṣẹ́ táyà sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní 1988. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń nu orúkọ rẹ̀ lára táyà.

* * *

Òmíràn béèrè pé ṣé kí òun ra àlòkù. Ó rí méjì tí ojú wọn ṣì dán, tí iye wọn kò tó ìdajì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ra méjì bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ojú wọn jinlẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n sì ti wọ̀ wọ́n sórí ríìmù fún mi. Ní ọjọ́ tí mo lo wọ́n, ọkọ̀ ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ tó tẹ ọbẹ̀ ilá. Mo dín atẹ́gùn kù, kò gbọ́. Mo jó táyà pẹ́, kò gbọ́. Mo ti dá ara mi lẹ́bi, mo ti dá pápá lẹ́bi, kí n tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Nọ́ńbà ọjọ́ orí táyà wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ibi tí ojú kì í dé. Táyà ọdún mẹ́fà ni.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ táyà tó ní àmì DOT, àmì òfin títì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì náà. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, tẹríba kí o wo inú. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí o wò ó, máa bá tìrẹ lọ. Lẹ́yìn náà, fi èékánná tẹ rọ́bà. Táyà eré tó ṣì lágbára á gba èékánná díẹ̀. Èyí tó ti kú á dà bíi pátákó. Oòrùn, ooru àti ọjọ́ ló ń pa á, kì í ṣe jíjẹ ìlà ojú rẹ̀ nìkan. Àpò nylon dúdú ni mo máa ń fi wé tèmi. Nígbà tí òtútù burúkú yẹn wọ Texas ní Oṣù Kejì 2021, tí iná lọ, inú yàrá ni mo kó wọn sí pẹ̀lú wa, torí rọ́bà rírọ̀ yìí lè sán bí ó bá dì tí a sì ń yí i kiri. Ìyàwó mi bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

* * *

Láti Èkó, ẹnìkan ní Camry onísílíńdà mẹ́fà ni òun ní, ó ní ṣé òun lè wọ drag radial sí i fún eré alẹ́ lórí afárá.

Àbúrò, má ṣe é. Mi ò ní fi ẹnu dídùn bò ó mọ́ ẹ lójú. Táyà iwájú ló ń wa Camry, bí ọkọ̀ bá sì ta, ẹ̀yìn ni ìwúwo ń sá sí, iwájú á fúyẹ́. Iwájú ni táyà yẹn máa wà, ọkọ̀ kò ní mú ilẹ̀ bí o ṣe rò. Òmíràn tún ni pé ohun tó ń jẹ́ kí drag radial lẹ̀ kì í ṣe rọ́bà rẹ̀ nìkan. Ní pápá gidi, wọ́n ń fún gọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n ń fi rọ́bà pa ilẹ̀ léraléra. Iyanrìn àti epo ló wà lórí ọ̀dà títì, táyà tó lẹ̀ á kàn máa kó wọn mọ́ra ni. Psi kékeré tí a ń fi sí drag radial á sì jẹ́ kí kòtò kan ṣoṣo wó ríìmù rẹ. Bí òjò Oṣù Keje bá wá ká ẹ mọ́ ibẹ̀...

Ní ti òjò, ó ti ká èmi náà mọ́. Mo ń bọ̀ láti Ennis lórí títì márosẹ̀ I-45, drag radial lẹ́yìn, òjò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tú korobá. Máìlì 45 ni mo ń sá, ọkọ̀ sì ń fò lójú omi. Ìlà ojú táyà kò tó láti lé omi lọ. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo jókòó wákàtí kan àbọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé táyà eré sínú búùtù. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò kó o sí, kó wo ojú ọ̀run kó tó kúrò nílé.

Lórí afárá, kò sí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kò sí ambulance, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mustang. Ìwọ̀n ńkọ́?

Bí o bá lè rí ríìmù 17 méjì fún ẹ̀yìn, 275/40R17 wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò sì le tó ti ríìmù ńlá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 25.7, ti 235/50R18 rẹ sì jẹ́ 27.2. Táyà kúkúrú dà bíi kí a pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn. Gíà ẹ̀yìn 3.31 tó bá ọ̀pọ̀ manual wá á máa hùwà bíi 3.50. Èyí dára ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á já fáfá. Ní òpin ni kí o ti máa fojú sílẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì lè kún kó o tó dé ìlà, kó di dandan kí o tún gbé gíà mìíràn. Kílómítà ojú ọkọ̀ náà á máa parọ́ fún ẹ. Kí o sì fi ríìmù náà wọ̀ ọ́ wò lórí bíréèkì kó o tó sanwó táyà.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Àwọn pápá tó ń tẹ̀ lé ìlànà NHRA, ẹgbẹ́ tí Wally Parks dá sílẹ̀ ní 1951, á ní kí o wọ akoto bí o bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá 13.99 parí ìdámẹ́rin máìlì, tàbí kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ slick lo wọ̀, ní 13.99 yẹn náà ni wọ́n ti ń béèrè òrùka irin tó ń gba ọ̀pá tó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ dúró kó má baà já gún ilẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà títì, wọn á fi ẹ́ sílẹ̀ títí di 11.49. Kí o lọ bá àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, kí o fi àwòrán táyà tí o fẹ́ rà hàn wọ́n, kí o bi wọ́n apá ibo ni wọ́n máa kà á sí. Iṣẹ́jú méjì ni, ó sì lè jẹ́ kí o má ná owó irin kan lásán.

* * *

Psi àti jíjó táyà. Ibí ni a ti máa ń jà jù, mo sì mọ̀ pé ẹ máa bá mi jà.

Fún ọkọ̀ rẹ, ní 275/40R17, bẹ̀rẹ̀ ní 20. Sá eré kan, kọ ọ́ sílẹ̀. Dín in sí 19, sá òmíràn. Máa dín ẹyọ kan kan títí ẹsẹ̀ bàtà 60 kò fi ní yá mọ́, kí o padà sí èyí tó ṣáájú. Má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí o bẹ̀rẹ̀ ní 12 torí pé 12 ló ń lò. Slick bias-ply orí ríìmù 15, tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló ń sọ. Ẹ̀gbẹ́ tìrẹ kúrú, bó bá lọ sílẹ̀ jù, àárín ojú táyà á gbé sókè, etí nìkan á máa jẹ. Ra géèjì tí kò ju 30 lọ, kó jẹ́ tìrẹ, má yá ti ẹlòmíràn. Géèjì méjì kì í sọ ohun kan náà. Kí o tún ra ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré kan, torí o gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kó o tó bọ́ sórí I-45. Nílé, fọ́kánáísà ló ń ṣe èyí fún wa lábẹ́ igi. Ní Ennis, ìwọ ni fọ́kánáísà ara rẹ.

Jíjó táyà: má wa ọkọ̀ gba inú omi kọjá. Táyà iwájú rẹ á gbé omi lọ sí ẹnu ìlà, ìwọ náà á wá fi táyà ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́. Yí i po, kí o fi ẹ̀yìn wọ etí omi náà. Jó o títí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi yọ, ó tó. Àwọn tó dàgbà sórí slick á ní kí o jó o títí o kò fi ní rí ẹ̀yìn rẹ mọ́. Slick fẹ́ ooru púpọ̀, mo gbà fún wọn. Drag radial kàn fẹ́ kí o fọ ojú fún un ni. Bí o bá sè é jù, epo inú rọ́bà á yọ sókè, á sì máa yọ̀.

* * *

Ó dáa, o bi mí pé èwo ni kí o mú, mi ò ní sá fún ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò rẹ, tí mo ń wà lọ wà bọ̀, tí owó mi kò ju ti táyà méjì lọ, ET Street S/S ni mo máa rà. NT05R ni mo máa rà bí mi ò bá rí i ní ìwọ̀n tó bá ríìmù mi mu. Mi ò ní ra Hoosier lọ́dún yìí. Kí o tó sanwó, padà sí Ennis lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ, psi 28, kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí o ní ìwé àkókò tí o máa fi wé tuntun. Láìsí ìyẹn, báwo lo ṣe máa mọ iṣẹ́ tí táyà ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ ṣe?

* * *

Àbúrò ti dé láti pápá. Ó ní táyà àtijọ́ fún òun ní 2.12 ní psi 28, ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí inú òun dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó wọ ET Street S/S. Ó kọ mẹ́rin síbí: 1.98, 1.95, 2.11, 1.94. Ó ní eré kẹta ń ba òun nínú jẹ́, pé bóyá táyà kan kò dára nínú méjèèjì.

Táyà rẹ dára. Wo aago tó wà lórí ìwé àkókò rẹ: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín eré kejì àti ẹ̀kẹta. Táyà ṣì gbóná láti ibi tó ti ń bọ̀, o tún jó o, atẹ́gùn inú rẹ̀ gòkè. O fi 18 sílẹ̀ nígbà tó tutù, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó ti kọjá 20 nígbà tí o dé ẹnu ìlà. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ náà gbóná. Lọ́jọ́ tí o bá tún lọ, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú láàárín eré kan sí èkejì, wọn táyà méjèèjì kí o tó wọ ìlà, kí o sì kọ psi tí o bá bá níbẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àkókò náà. Kó o gbé wọn wá síbí, gbogbo rẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára.